Omi Ní Ọ̀nà Tirẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Odò, Gọ́tà àti Omíyalé ní Ìbàdàn

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa ní Òkè Bọ́lá: báwo ni ó ṣe yẹ kí á la ọ̀nà fún omi òjò, kí ó má baà gba inú yàrá wa kọjá?

Ìlú orí òkè ni Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá dúró ní Màpó yóò rí àfonífojì lọ́tùn-ún àti lósì: odò Ògùnpa ń ṣàn ní ìwọ̀ oòrùn, odò Kúdẹtì ń ṣàn ní ìlà oòrùn. Nígbà tí igbó àti koríko ṣì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ilẹ̀ a máa mu nínú òjò, àbàtà etí odò a sì gba èyí tí ó kù dúró kí ó tó rọra wọ odò. Lónìí, páànù, sìmẹ́ǹtì àti títì ọlọ́dà ló bo ilẹ̀. Ilẹ̀ kò rí ẹnu mu omi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tí ó rọ̀ ní Ìbàdàn tó mìlímítà 187.5. Bí òrùlé kan bá jẹ́ mítà 10 ní òòró àti mítà 10 ní ìbú, omi tí yóò ṣàn kúrò lórí òrùlé kan ṣoṣo yẹn jẹ́ lítà 18,750. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 bíi 94 ni yóò kún! Ẹ wá ka iye òrùlé tí ó wà láti Bẹẹrẹ dé Ọjàaba.

Ojú Ìbàdàn ti rí tó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó ya wọ ilé àti ọjà, ènìyàn tí ó ju 200 lọ sì kú. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba gbẹ́ Ògùnpa fẹ̀, tí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Iṣẹ́ náà ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2011 omi tún gba àwọn odò mìíràn, ó gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ó ju 100 ènìyàn tí ó pa. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé ní Ìbàdàn.

Kí ni èyí kọ́ wa? Kọnkéré ń dán, omi ń sáré lórí rẹ̀, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì bá gbogbo rẹ̀ pàdé. Odò tí a kò bà jẹ́ máa ń yí kọ́rọkọ̀rọ. Ìyẹn ń dín eré rẹ̀ kù. Gbòǹgbò igi ń di etí rẹ̀ mú. Àbàtà rẹ̀ dà bí agbada tí ń gba èyí tí ó kún jù. Níbi tí ilé ti há odò mọ́, kò sí bí a kò ṣe ní lo òkúta àti kọnkéré. Ṣùgbọ́n níbi tí àyè ṣì wà, kí á fi àyè náà sílẹ̀ fún omi.

Àwọn onímọ̀ fíkìhì àtijọ́ mọ èyí. Wọ́n ní odò àti kànga ní harīm, ìyẹn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ di tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì òkè, ẹ kíyè sí i pé gbòǹgbò kan náà ni ó bí harām.

A kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bí òjò bá ti ṣú, àwa olùkọ́ pàápàá a máa rán ọmọ pé kí ó da ilẹ̀ tí a gbá sínú gọ́tà kí àgbàrá lè gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan, àgbàrá kò gbé e lọ. Ó gbé e padà wá bá wa. Wàláà ń léfòó, ọmọ kékeré kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi lọ, bí kì í bá ṣe àgbà kan tí ó fa ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti jáwọ́. Ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀ẹ̀mí ni.

Nítorí náà:
1. Kí á má da ìdọ̀tí sí gọ́tà tàbí odò.
2. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí ó wò ó nígbà òjò, kí ó sì bi àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi ń gbà.
3. Kí á fi koríko àti igi sílẹ̀ létí odò, kí á má fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá.
4. Kí á máa kó gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.
5. Bí àgbàrá bá ń sáré, kí ọmọ dúró síbi tí ó wà. Kéú kò ní sá lọ.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́:
(a) Kí ni iṣẹ́ àbàtà létí odò?
(b) Kí ni harīm odò?
(d) Wọn òrùlé ilé yín, kí o sì ṣírò omi tí yóò ti orí rẹ̀ ṣàn bí òjò bá tó mìlímítà 50.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á tún rí omíyalé. Kí àwa náà má ṣe dí omi lọ́nà.