Àpọ̀jù Ajílẹ̀ Nínú Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́: Iṣẹ́ Tó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà Yorùbá pé báwo ni a ṣe ń mọ omi tó dára, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́. Omi tó mọ́ gaara ni, tí kò rùn, tí kò sì yí adùn padà lẹ́nu. Ojú, imú àti ahọ́n ni adájọ́ mẹ́ta tí àwọn baba wa yàn fún omi, wọ́n sì ṣiṣẹ́ náà dáradára nígbà tí odò àti ìsun jẹ́ ibi ìpọnmi, tí ilé kò sì kún bí ó ti kún lónìí. Ohun tí a fẹ́ jíròrò nínú iṣẹ́ yìí ni irú ìdọ̀tí kan tí àwọn adájọ́ mẹ́ta yìí kò lè dá lẹ́jọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kànga ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò. Èrò wa ni pé olùkọ́ Yorùbá ní ipa láti kó níbẹ̀, kì í ṣe olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nìkan.

Oúnjẹ tó di ìdọ̀tí

Ìdọ̀tí yìí kì í ṣe májèlé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Oúnjẹ ewéko ni. Náítírójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ni méjì tó ṣe kókó nínú rẹ̀, Yorùbá sì ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn tipẹ́ bí wọn kò tilẹ̀ fún wọn lórúkọ. Ìbẹ́pẹ tó lalẹ̀ hù lẹ́bàá ṣaláńgá máa ń so ju èyí tí a fọwọ́ gbìn sí oko lọ. Tẹ̀tẹ̀ tó hù lórí ààtàn a máa tóbi, a sì máa dúdú lójú. Ìgbẹ́, ìtọ̀, ewé jíjẹrà àti àjẹkù oúnjẹ ló ń bọ́ wọn. Ajílẹ̀ ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì sọ iṣẹ́ rẹ̀: ohun tó ń jí ilẹ̀.

Bí ajílẹ̀ ṣe ń jí ilẹ̀ náà ló ń jí omi, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń gbàdúrà pé kí a lékè bí ojú oró ṣe ń lékè omi kì í sábà ronú nípa ohun tí ojú oró ń jẹ. Níbi tí ajílẹ̀ bá ti pọ̀ nínú odò tàbí ọ̀sà, ewéko ojú omi á tàn kálẹ̀, wọn yóò dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́nà. Bí wọ́n bá kú tí wọ́n ń jẹrà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń jẹ wọ́n yóò lo atẹ́gùn ọ́síjìn inú omi tán, ẹja yóò sì máa kú. Ní ọdún 1984 ni water hyacinth, ewéko àjèjì olódòdó aláwọ̀ àlùkò, wọ agbègbè Badagry láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin. Láti ìgbà náà ló ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, tó sì ń yọ àwọn apẹja lẹ́nu. Ọ̀sà Ológe, níbi tí odò Owo ń ṣàn sí, wà lára ibi tó ti gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ ojú odò ní àǹfààní kan: ó ń fi ara rẹ̀ hàn. Ọmọdé pàápàá lè tọ́ka sí odò tí ewéko bò. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ará Alímọ̀ṣọ́ ń mu.

Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́

Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ṣe ìkà tirẹ̀ ní ọdún kan náà, ní 2,047,026 ni. A kò ní torí èyí jà níhìn-ín. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, èrò tó pọ̀ ni, ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn sì ń yàgbẹ́ tí wọ́n ń tọ̀. Lọ́pọ̀ ilé, sọkawéè ló ń gba ìdọ̀tí náà, kànga tàbí bohóòlù ló sì ń pèsè omi, àwọn méjèèjì a sì máa wà lórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Púlọ́ọ̀tì náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lọ, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ ààbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rà. Bí ti aládùúgbò bá tún wà lẹ́yìn ògiri, níbo ni ìdọ̀tí fẹ́ gbà?

Irú ilẹ̀ náà tún dá kún un. Yanrìn àti amọ̀ pupa ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí. Ilẹ̀ pupa a máa di fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì mú, nítorí náà èyí kì í tètè dé inú kànga. Àgbàrá ló sábà ń gbé e lọ sódò. Náítíréètì, ìyẹn náítírójìn tó ti bá ọ́síjìn pọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kì í dì í mú rárá. Òjò ló ń fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀, yóò sì máa lọ títí yóò fi bá omi.

Ní Ìgàndò, ọ̀rọ̀ ààtàn tún wà níbẹ̀. Àwọn ààtàn ńlá tí a mọ̀ sí Solous, lẹ́bàá títì tó lọ láti LASU sí Ìṣẹ̀rì, ti gba pàǹtírí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ yunifásítì sì ti yẹ kànga àyíká wọn wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa omi dúdú tó ń ṣẹ́ jáde lábẹ́ ààtàn. Ọ́síjìn kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà amóníọ̀mù ni púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe náítíréètì. Ìgbà tó bá kan ọ́síjìn ló ń yí padà. Ẹni tó bá wọn náítíréètì nìkan lẹ́bàá ààtàn lè kéde pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ náítírójìn wà níbẹ̀ tó fi ẹ̀wù mìíràn wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ọ̀rọ̀ Bárúwà, lọ́nà Ìpájà, nínú Alímọ̀ṣọ́ kan náà. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo bẹntiróòlù tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba kànga àdúgbò náà jẹ́. Imú gbọ́ òórùn rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ pariwo, àwọn oníròyìn sì gbé e. Náítíréètì kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò. Kò sí ẹni tí yóò pariwo nítorí rẹ̀.

Ta ni ó ń pa lára?

Ọmọ ọwọ́ ni, pàápàá èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fi omi po wàrà fún nínú ìgò. Ní 1945, oníṣègùn Hunter Comly ní Iowa, Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí omi kànga tí náítíréètì pọ̀ nínú rẹ̀ sọ di aláìsàn. Nínú ara ọmọ, náítíréètì a máa di náítíráìtì, èyí yóò sì sọ ẹ̀jẹ̀ di ohun tí kò lè gbé ọ́síjìn mọ́. Àwọn òyìnbó sọ pé ara ọmọ náà máa ń di búlúù. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ètè, èrìgì, èékánná, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí a wò. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ kíákíá. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ìmọ̀ràn tí a ti fi ń kọ́ àwọn ìyá láti ọjọ́ pípẹ́ kò ràn wọ́n lọ́wọ́ níhìn-ín. A ní kí wọ́n se omi. Sísè ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í lé náítíréètì; omi ló ń di oruku, náítíréètì yóò kù, yóò sì ki sí i. Álọ́ọ̀mù kò lè yọ ọ́, kòloríìnì kò lè yọ ọ́. Ìyá tó ṣe ohun gbogbo tí a kọ́ ọ lè máa fún ọmọ ní ohun tó lágbára ju ti inú kànga lọ.

Mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan ni àjọ ìlera àgbáyé àti ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti 2007 gbà pé náítíréètì kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan a máa ka náítírójìn inú rẹ̀ nìkan, ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, 11 ló bá 50 dọ́gba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ pé 20 kéré, kí ó béèrè ìwọ̀n tí wọ́n lò.

Àyẹ̀wò àti àmójútó

Níhìn-ín ni iṣẹ́ èdè ti dé. Àyẹ̀wò ni kí a wo omi lẹ́ẹ̀kan. Àmójútó ni kí a máa wò ó lásìkò dé àsìkò, níbi kan náà, lọ́nà kan náà, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kànga tó dára nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ lè yí padà lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ilẹ̀. Èyí ló mú kí ètò àgbáyé tí àjọ ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè gbé kalẹ̀ ní 2015 béèrè àkọsílẹ̀ léraléra. Fún odò àti adágún, wọ́n ń béèrè ọ́síjìn, náítírójìn, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, ìkan omi àti bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná tó. Fún omi abẹ́ ilẹ̀, náítíréètì wà lára mẹ́ta tó ṣe kókó.

Ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ìṣòro náà tún ń kọ́? Àwọn kan ti ń lo “èròjà aṣaralóore” nínú ìtumọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ pé èròjà aṣaralóore wà nínú kànga òun tí kò ní dúpẹ́? “Àpọ̀jù ajílẹ̀” ni àwa fara mọ́. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ ilé-ìwé lè rí i lọ́kàn, ó sì gbé ìdí ìbàjẹ́ náà lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Alímọ̀ṣọ́ lè fi èyí kọ́ àròkọ aṣàlàyé. Kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ wọn wọn ìjìnnà kànga ilé wọn sí sọkawéè, kí wọ́n béèrè jíjìn rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn. Bí owó bá wà, pépà àyẹ̀wò tí a ń rì bọ omi, tó ń yí àwọ̀ padà, kò ṣòro láti lò. Kò péye bíi ti ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n yóò fi kànga tó yẹ kí a tún yẹ̀ wò hàn.

Bí àwọ̀ pépà bá sì kọjá 50, a kò ní pe orúkọ ilé náà ní kíláàsì, nítorí onílé lè bínú, ojú sì lè ti ọmọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ọmọ ọwọ́ wà nínú ilé náà. Bí ó bá wà, ìyá rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ní ọjọ́ náà gan-an, pé kí ó má ṣe fi omi kànga yẹn po oúnjẹ ọmọ, ìbáà jẹ́ sísè, títí tí èsì ilé àyẹ̀wò yóò fi dé.