Orí Kẹfà: Ta Ni Yóò San Owó Iná Tí Kò Léèéfín?

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ẹnuwá, iwájú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, etí lásán ni èèyàn fi ń mọ̀ bóyá iná ọba wà tàbí kò sí. Bí iná bá wà, ohùn àwọn tó ń nájà ni à ń gbọ́. Bí wọ́n bá ti mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ẹni méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á fi máa pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra.

Ká ní ìyá kan ń ta ẹja òkú Èkó níbẹ̀. Fírísà rẹ̀ kò gbọdọ̀ sinmi. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ìsọ̀ kejì tó ń bá àwọn èèyàn cháàjì fóònù, tó gbé páànẹ́ẹ̀lì sọ́là mẹ́ta sórí páànù òrùlé rẹ̀. Ó ń ka ìròyìn lórí fóònù, ó wá gbójú sókè.

"Màmá, ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ kí gbogbo wa kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, ká máa lo iná oòrùn. Wọ́n ní òfin ti wà fún un."

"Ọmọ mi, ó dáa. Ìjọba wo ló máa ra páànẹ́ẹ̀lì fún mi? Àbí òfin ni n ó kì bọ inú fírísà kí ẹja má bàa jẹrà?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n èéfín yìí ń pa wá."

"Mo mọ̀. Ebi náà ń pani."

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn fà yìí náà ni àwọn aṣòfin ń jà lé lórí ní Àbújá àti ní Washington, àfi pé àga tiwọn ní tìmùtìmù.

Kí ni èéfín ṣe?

Bí a bá jó epo, gáàsì tàbí èédú inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kan tí ojú kò rí máa ń jáde. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é. Ó ń gòkè lọ bo ayé bí aṣọ ìbora, kò sì jẹ́ kí ooru oòrùn ráyè jáde tán. Ó lé ní igba ọdún tí àwọn ìlú òyìnbó ti ń jó èédú nínú ilé-iṣẹ́ wọn, aṣọ ìbora náà sì ń nípọn sí i. Ayé ń gbóná, òjò kò tẹ̀lé àsìkò mọ́. Àgbẹ̀ kòkó agbègbè Ifẹ̀ kò nílò ìwé kó tó mọ̀ ọ́n lára: òjò àpọ̀jù ń mú àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi, ọ̀dá tó bá pẹ́ sì ń gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Gbogbo rẹ̀ pátá la pa pọ̀ tí a ń pè ní àyípadà ojú ọjọ́.

Àbádòfin tó pẹ́ kó tó di òfin

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ mọ́ra wọn. Àbádòfin ni ohun tí aṣòfin kọ sílẹ̀ tó fẹ́ kó di òfin; kò tíì lágbára lórí ẹnikẹ́ni. Ilé aṣojú-ṣòfin á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ààrẹ á wá buwọ́ lù ú. Ìgbà náà ló tó di òfin. Ibi ìbuwọ́lù yìí sì ni ọ̀pọ̀ àbádòfin ti ń kú.

Èyí tó wà fún àyípadà ojú ọjọ́ kú síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn aṣòfin á fọwọ́ sí i tán, yóò dé orí tábìlì ààrẹ, kò ní padà wá mọ́. Sam Onuigbo, aṣojú kan láti ìpínlẹ̀ Ábíá, kò jẹ́ kó sú òun, ó tún gbé e wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn gan-an ni Buhari lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow, tó ṣèlérí lójú àwọn olórí ayé pé Nàìjíríà yóò dé orí òdo nígbà tó bá fi máa di ọdún 2060. Èmi ò rò pé ó ṣèèṣì bọ́ sí ara wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ṣèlérí lójú ayé kò ní fẹ́ délé kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Kí ni "orí òdo"? Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ní dáná mọ́. Ó túmọ̀ sí pé èéfín tí a bá tú sókè kò ní ju èyí tí igbó àti ọ̀nà mìíràn lè gbà padà. Ẹ wo ẹni tó ń gba ọjà àwìn lówùúrọ̀ tó sì ń san án tán lálẹ́. Ó ń rajà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé gbèsè rẹ̀ mọ́. Òfin ọdún 2021 náà ní ká débẹ̀ láàárín ọdún 2050 sí 2070. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀. Ó ní kí ìjọba máa díwọ̀n iye èéfín tí orílẹ̀-èdè lè tú sílẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń díwọ̀n owó ọbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ èéfín. Àpò owó kan sì wà nínú òfin náà, tí wọ́n ní yóò ran àwọn tó bá ń kúrò lórí epo lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Òfin àti Ọ̀gbẹ́ni Epo

Ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 kan náà, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú, Buhari ti buwọ́ lu òfin mìíràn, èyí tó wà fún ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì. Òfin yẹn ya ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èrè epo àti gáàsì tó bá kan NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, sọ́tọ̀, kí wọ́n máa fi wá epo tuntun kiri ní àwọn ibi tí a kò tíì rí i. Ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ epo ń ná sórí iṣẹ́ lọ́dún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo náà. Ìjà ńlá lórí ìdá yìí wáyé: ilé aṣojú-ṣòfin ti fẹ́ 5, ilé àgbà ní 3, ilé àgbà ló borí. Nítorí náà, àwọn aṣòfin kan náà, nínú ọdún kan náà, ṣòfin pé ká wá epo sí i, wọ́n sì tún ṣòfin pé ká dín èéfín kù. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ọkọ̀, èkejì wà ní èbúté.

Àwọn tó dá wíwá epo àti gáàsì láre wà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì ààrẹ nígbà náà, kọ ọ́ jáde ní 2021 pé kò tọ́ kí àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ máa dá owó dúró lórí iṣẹ́ gáàsì ní Áfíríkà. Epo àti èédú ni àwọn fúnra wọn fi lówó. Gáàsì sì mọ́ ju igi ìdáná àti èédú lọ. Èéfín tí Áfíríkà ń tú sílẹ̀ kéré sí ti àwọn ìlú ọlọ́rọ̀. Ṣé ẹni tó jẹun yó tán ló máa ní kí ẹlòmíràn gbààwẹ̀? Ọ̀ṣínbàjò yìí náà ló ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ìjọba láti dé orí òdo ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022: wọ́n ní iṣẹ́ náà yóò gba dọ́là tírílíọ̀nù 1.9 títí dé ọdún 2060. Owó yẹn ju èyí tí Nàìjíríà lè dá nìkan tú láti inú àpò rẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn kò gbà. Nnimmo Bassey, tó ti pẹ́ nínú ìjà fún àyíká, ní kí a fi epo sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Ẹ̀rí sì wà fún àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1979 ni ìjọba ti ṣòfin láti fòpin sí dídáná sun gáàsì lásán níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Niger Delta. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984 ni wọ́n dá: láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ún láìgbàṣẹ. Iná ọ̀hún ṣì ń jó dòní. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo rí i pé owó ìtanràn rọrùn ju owó iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti mọ ìtàn yìí, kò yani lẹ́nu bí kò bá fò fáyọ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n tún ti ṣe òfin mìíràn.

Òfin tó dé ẹnu ìsọ̀

Ìlérí Glasgow jìnnà sí Ẹnuwá. Àwọn òfin kan wà tó sún mọ́ wa jù ú lọ.

Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ kò lè ṣe iná ọba tirẹ̀ fún ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Buhari buwọ́ lu àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa tó gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe iná, kó gbé e káàkiri, kó sì tà á. Ní oṣù Kẹfà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin iná mànàmáná tuntun tó tẹ̀ lé e. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso iná wọn sọ́wọ́ ní 2024. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Ọ̀ṣun ń ṣe lórí èyí, ilé aṣòfin ní Òṣogbo ni kó ti lọ béèrè. Ẹ̀tọ́ wa ni.

Àmọ́ lójú tèmi, ohun tó lé àwọn ará ilé wa lọ sórí sọ́là jù kò ní ọ̀rọ̀ èéfín nínú rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó náírà 200 fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná ọba fún àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń rí i fún wákàtí 20 lóòjọ́ gbéra láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 lórí yúnìítì kan. Ó dé tán, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí bátìrì jẹ́. Ẹni tó rí owó rà á ra páànẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò rí, òkùnkùn ló bá sùn.

Lórí páànẹ́ẹ̀lì náà, ìjà mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀. Ní 2025, Uche Nnaji, mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, ní ìjọba fẹ́ dá kíkó páànẹ́ẹ̀lì wọlé láti òkè òkun dúró, kí àwọn tó ń ṣe é nílé lè rówó pa. Àwọn oníṣòwò sọ́là figbe ta: èyí tí a ń ṣe nílé kò tíì tó ibì kan, ọ̀wọ́n gógó ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Kò sí ẹni tó ń sọ pé oòrùn kò dáa. Ẹni tí yóò jèrè lórí oòrùn ni wọ́n ń fà.

Amẹ́ríkà náà ń jà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé ló fa ìjà yìí nílẹ̀ wa, ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àbádòfin iná mímọ́ tó tóbi jù nínú ìtàn wọn dé ilé àgbà wọn. Ìbò pín sí 50 àti 50. Kamala Harris, igbákejì ààrẹ nígbà náà, ló fi ìbò kan já a. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Republican kankan tó dìbò fún un. Joe Manchin, aṣòfin àgbà láti ìpínlẹ̀ tí èédú inú ilẹ̀ ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, tó jẹ́ ti Ààrẹ Joe Biden náà, dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbà. Biden buwọ́ lù ú. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025, Donald Trump buwọ́ lu òfin tó gé púpọ̀ nínú ìrànwọ́ tí òfin Biden ṣe fún iná mímọ́ kúrò. Ẹni tó ti ń fojú sọ́nà láti gbé sọ́là sórí ilé rẹ̀ rí i pé ìrànwọ́ ìjọba yóò dópin ní ìparí ọdún 2025. Òfin tí ẹgbẹ́ kan dá ṣe, ẹgbẹ́ kejì lè dá tú u ká.

Ní Ẹnuwá, ìyá ẹlẹ́ja ń fi gègé ṣírò lẹ́yìn páálí: epo ọ̀sẹ̀ kan, òróró inú ẹ́ńjínì, owó mẹkáníìkì. Ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ iye tí páànẹ́ẹ̀lì, ìnfátà àti bátìrì tó lè gbé fírísà yóò kó. Ìyá náà kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀, ó wo ìlà méjèèjì títí.

"Ọmọ mi, àpò owó tí wọ́n ní òfin dá sílẹ̀ yẹn, níbo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà?"

"Àbújá ni, Màmá."

"Ó dáa. Bá mi fa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná, ẹja ti ń yọ́."