Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohùn Ilé Yín Parun

Ẹ̀yin ọmọ Ilé-Ogbó, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ ti di ará Ìbàdàn àti Èkó, ọ̀rọ̀ àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí òbí yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ò kà wọ́n sí. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ wọn ti bàjẹ́, eruku ti bò wọ́n, ẹ sì ń retí ọjọ́ tí wọn yóò tún ilé kùn kí ẹ lè kó wọn dànù. Ẹ dúró ná. Rárà tí wọ́n sun fún ìyá yín lálẹ́ ọjọ́ tó ń lọ ilé ọkọ lè wà níbẹ̀. Wáàsì ààwẹ̀ tí àlùfáà àdúgbò ṣe lè wà níbẹ̀. Oríkì ilé yín, láti ẹnu ìyá àgbà tó ti sùn, lè wà níbẹ̀, kó má sì sí níbòmíràn láyé.

Irú nǹkan báyìí ti bọ́ lọ́wọ́ wa rí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, púpọ̀ nínú eré ìgbà náà, wọ́n ṣe é, aráyé wò ó, ó parí síbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀. Lónìí ẹ rò pé YouTube ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. YouTube kì í ṣe tiyín. Bí ẹni tó gbé fídíò síbẹ̀ bá yọ ọ́, ó lọ nìyẹn, bí dátà bá sì tán, ẹ ò rí nǹkan kan wò.

Ohun tí ẹ lè ṣe rèé: ẹ wá láptọ́ọ̀pù tí ẹ ti pa tì, ẹ ra hard disk tó láyè, ẹ fi Linux sí láptọ́ọ̀pù náà, kí ẹ wá fi Jellyfin lé e lórí, ìyẹn ètò tó máa ń pín ohùn àti fíìmù inú kọ̀ǹpútà fún fóònù inú ilé. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn tó ni ètò kan tó ń jẹ́ Emby ti kóòdù iṣẹ́ wọn pa ní 2018, àwọn kan mú èyí tó ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀, wọ́n ń bá a lọ lórúkọ tuntun, ìyẹn Jellyfin. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà jáde ló fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ irú ètò yìí fún ohun ìní ẹbí: kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè jí lọ́la kó ní kí ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn ìyá yín.

Láptọ́ọ̀pù náà á wà ní igun pálọ̀, router á so ó mọ́ gbogbo fóònù inú ilé. Ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí fóònù, ẹ fi :8096 tẹ̀lé e, ohun gbogbo á jáde. Kò jẹ dátà, torí kò kúrò nínú ilé. Bí NEPA bá mú iná, bátìrì rẹ̀, bó bá ṣì dáa, á gbé e títí ẹ ó fi tan ìnfátà. Bí tẹlifíṣọ̀n ló wù yín, ẹ fi Kodi, ètò tí a fi ń wo fíìmù, sí ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ ọn.

Kodi kò ní fíìmù kankan nínú tirẹ̀ o. Àwọn kan ń ta àpótí tí wọ́n ti kó iṣẹ́ oníṣẹ́ kún. Ẹ má rà á. Olóṣèré wa ti jìyà tó lọ́wọ́ àwọn tó ń da iṣẹ́ wọn kọ. Fíìmù tí ẹ fowó rà ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Ibi kásẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wà gan-an. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi òwú àti spírítì nu orí rẹ̀, ẹ fa wáyà láti ihò earpiece rẹ̀ bọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Audacity, ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 60 sí lára á gba wákàtí kan gbáko, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i. Kí ẹnìkan jókòó tì í. Bí téèpù bá há, ẹ má fà á. Ẹ fi pẹ́ńsù yí i jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ. Bí ẹ bá kọ orúkọ fíìmù bíi Saworoide (1999), Jellyfin lè fúnra rẹ̀ wá àwòrán àti àlàyé rẹ̀ wá. Ti ìyá àgbà, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kan. Ẹ̀yin lẹ ó kọ ọ́: ta ló ń sọ̀rọ̀, agbo ilé wo, ayẹyẹ ta ni. Ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà, kí wọ́n sọ ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn, kí wọ́n sọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó lè dá ohùn wọ̀nyẹn mọ̀ ń dín kù lọ́dọọdún, èyí ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ ìyá yín ní Ìwó tàbí Òṣogbo, torí hard disk kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó kú. Bí Iléyá bá ń súnmọ́lé, ẹ ti ṣe díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹbí tó dé; ìgbà yẹn ni àwọn tí ẹ fẹ́ bi léèrè máa pé sójú kan.