Ilé La Ti Ń Tọrọ Yìnyín

Àjàó Estate,
Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

   

Màmá rẹ ti ròyìn ohun tó ń dà ọ́ lọ́kàn rú fún mi. Ní Oṣù Kẹjọ, ẹ ń lọ sí Houston fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Ní Oṣù Kejìlá, ẹ ń bọ̀ wálé fún àádọ́rùn-ún ọdún ìyá wa. Ìdánwò rẹ nínú eré bàtà onírin lórí yìnyín sì ń dúró dè ọ́ nígbà tí ọdún tuntun bá wọlé. Mo gbọ́ pé o ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ìdánrawò rẹ má baà bà jẹ́. Inú mi dùn pé o fẹ́ràn ohun tí ò ń kọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gbà fún ọ. A kì í torí eré pa ẹbí tì, kò sì sí ìdí tí ẹbí yóò fi pa eré náà. Méjèèjì lè lọ pọ̀. Àwọn àgbà ló ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Àkókò ìdánrawò ní ìlú onílùú kì í ṣe ohun tí à ń débẹ̀ ká tó máa wá; ilé la ti ń tọrọ rẹ̀, kí a tó san owó ọkọ̀ òfurufú.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Pápá yìnyín kan ṣoṣo, àwọn tó ń du ún pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ họ́kì fẹ́ ẹ, àwọn tó ń fò tó sì ń yí bíi tìrẹ fẹ́ ẹ, àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fẹ́ ẹ, àwọn tó wá ṣe fàájì ní ìparí ọ̀sẹ̀ náà fẹ́ ẹ. Láàárín wọn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jáde wá họ ojú yìnyín, kí ó sì da omi sí i kó lè dán padà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti àlejò. Ìgbà tí a ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo rí èyí kedere. Pápá Streatham, tí wọ́n ti ṣí láti ọdún 1931, ni wọ́n tì ní 2011 kí wọ́n lè kọ́ tuntun. Gbogbo ẹni tó ń lò ó kó lọ sínú pápá onígbà díẹ̀ kan ní Brixton títí tí ilé tuntun fi ṣí ní 2013. Yìnyín kò tó, èrò kò sì dín. Àwọn tó tètè béèrè, tí wọ́n sì fi orúkọ sílẹ̀, ni ìdánrawò wọn kò dúró.

Nítorí náà, bí o bá ń pe pápá kan ní Houston, má kàn béèrè pé, “Ṣé ẹ máa ń ṣí?” Wọ́n á ní àwọn ń ṣí, o ó débẹ̀, o ó bá ọgọ́rùn-ún ọmọdé tó di ọgbà mú. Irú àkókò tí o fẹ́ ni kí o dárúkọ. Ohun tí ẹ̀yin ará Britain ń pè ní patch, freestyle ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà: àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fò tí wọ́n sì ń yí. Bi wọ́n bóyá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn lè wọlé, ipele wo ni wọ́n ń gbà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, iye tó jẹ́, bóyá a gbọ́dọ̀ sanwó sílẹ̀. O kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Béèrè ìwé tí màmá rẹ ní láti fọwọ́ sí. Bí o bá fẹ́ kí olùkọ́ ibẹ̀ fún ọ ní ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì, jẹ́ kí olùkọ́ tìrẹ kọ̀wé sí i ṣáájú, kó sọ ibi tí o dé àti ohun tí o kò gbọdọ̀ tíì dán wò. Tún pè wọ́n nígbà tí ìrìn-àjò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ní àsìkò ìsinmi ọmọ ilé-ìwé, ètò àwọn pápá máa ń yí padà, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń yọ́ yìnyín wọn láti tún ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ní Houston, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pápá tó wà nínú ilé ìtajà Galleria, lójú ọ̀nà Westheimer. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti ń sáré lórí yìnyín lábẹ́ òrùlé onígíláàsì níbẹ̀, nígbà tí oòrùn Texas ń yan ènìyàn lóde. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o sì béèrè àwọn pápá mìíràn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìlú náà fẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì lè rìn ín. Bí ẹ bá dé sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Alief, ẹnì kan ní láti fi mọ́tò gbé ọ lọ. Bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kí o sì jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Má ṣe yọ ìyá ìyàwó lẹ́nu. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí o tọrọ, kí o ti padà délé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an àti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, má fọwọ́ kan bàtà. Ọjọ́ ẹbí ni wọ́n.

Bí o bá dé orí yìnyín wọn, rántí pé ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Kọ́kọ́ dúró lẹ́bàá ọgbà, kí o wo ibi tí wọ́n ti ń fò, ibi tí wọ́n ti ń yí, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yípo. Kí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí orin rẹ̀ ń dún ló ni ọ̀nà. Yà fún un. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ náà, yà fún un. Bí o bá ṣubú, tètè dìde. Bẹ́ẹ̀ ni o ń ṣe ní ilé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ní ilé wọ́n mọ̀ ọ́, wọ́n sì lè forí jì ọ́.

Má sì ṣe fo ohun ńlá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Yìnyín kò rí bákan náà níbi gbogbo. Èyí tí wọ́n ṣe fún irú eré tìrẹ máa ń wà ní bíi -3 tàbí -4 lórí ìwọ̀n Celsius, ó sì máa ń gba irin bàtà dáadáa; ti họ́kì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó le, irin sì lè yọ̀ lórí rẹ̀ níbi tí o kò rò. Fífẹ̀ wọn náà yàtọ̀. Èyí tí o mọ̀ gùn ní mítà 60, ó fẹ̀ ní mítà 30. Púpọ̀ nínú ti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́ fún họ́kì kò fẹ̀ ju bíi mítà 26 lọ. Bí o bá ṣe eré olórin rẹ bí o ti ń ṣe é ní ilé, ọgbà ni wàá fi orí sọ. Lo ọjọ́ àkọ́kọ́ láti fi ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀.

Ní ti bàtà rẹ, má jẹ́ kí ó jìnnà sí ọ. Aṣọ tó bá sọnù, a lè ra òmíràn. Bàtà tí ẹsẹ̀ rẹ ti fi ọ̀pọ̀ oṣù mọ̀ kò ṣeé rà lọ́jà ọ̀la. Àwọn aláṣẹ ààbò ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà gbà kí a gbé bàtà yìnyín wọ inú ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti níbí, béèrè kí o tó kúrò nílé. Pọ́n irin náà lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn-àjò, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí o lè lò ó díẹ̀ kí o tó lọ.

Ó wá ku tiwa níbí. Ní Àjàó, má fọkàn sí yìnyín kankan ju èyí tó wà nínú fìríìjì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé pápá kan wà ní Èkó, pè wọ́n kí o béèrè bóyá omi dídì ni tàbí pátákó oníke, nítorí oníke máa ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sì máa ń tètè ku irin. Ṣùgbọ́n má sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ó lò níbí yóò ṣòfò. Àwọn tó ń sáré lórí bàtà onítáyà máa ń pé jọ ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè. Láti ọ̀dọ̀ wa, tí a bá jáde ní ìdájí kí ọ̀nà Ìsọlọ̀ tó dí, kò jìnnà. Bàtà onítáyà tó ní ìdúró níwájú bíi ti bàtà yìnyín wà. Bi olùkọ́ rẹ bóyá ó bá ipele rẹ mu. Nínú ọgbà ilé, o lè fo okùn, kí o máa fi ara kọ́ bí a ṣe ń yí nínú afẹ́fẹ́, kí o sì máa na iṣan rẹ. Bàtà eré ìdárayá ni kí o wọ̀, má sì fò pẹ́ lórí kọnkéré, kí ojúgun rẹ má baà dùn ọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa máa ń mú irin dípẹtà: nù ún gbẹ, kí o fi aṣọ wé e. Màmá àgbà yóò fẹ́ wò ọ́. Jẹ́ kó wò ọ́.

Mi ò sọ pé a lè kọ́ eré yìnyín lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti kàn tù ọ́ nínú; àwọn ọmọ wa kan ti ṣe é rí. Seun Adigun, tó sáré 100 mítà onídènà fún Nàìjíríà ní Olympics Lọ́ńdọ̀nù 2012, ló dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa sílẹ̀ nínú bobsled, eré ọkọ̀ tí a ń tì tí a sì ń gùn lórí yìnyín. Houston tí ẹ ń lọ yìí ló ń gbé nígbà náà. Kò sí ọ̀nà yìnyín bobsled níbẹ̀. Igi ló fi kan ọkọ̀ kan nínú gáréèjì, ó sì so táyà mọ́ ọn. Ọkọ̀ onígi yẹn ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, fi kọ́ bí a ṣe ń ti ọkọ̀ tí a sì ń fò wọ inú rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n tó rìnrìn-àjò lọ sí ibi tí yìnyín wà. Ní Oṣù Kejì 2018, wọ́n di ẹgbẹ́ bobsled àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà ní Olympics ìgbà òtútù, ní PyeongChang. Ní ibẹ̀ kan náà ni Simidele Adeagbo, ọmọ wa tó ti ń fò ní ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀, ti di obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ ní Olympics nínú skeleton, eré tí ènìyàn ń dojú bolẹ̀ sáré lórí yìnyín. Kò sí irú yìnyín tí wọ́n nílò ní ẹnu ọ̀nà ẹnì kankan nínú wọn. Wọ́n ṣe èyí tí ilẹ̀ gbà wọ́n láàyè láti ṣe, wọ́n sì wá ìyókù lọ.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, jókòó pẹ̀lú olùkọ́ rẹ. Kọ ọjọ́ ìrìn-àjò méjèèjì sílẹ̀, kí ó sọ fún ọ ohun tí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ àti ohun tó lè dúró. Lẹ́yìn náà, pe Houston, kí o béèrè gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí. Màmá rẹ kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Mo ti bá a sọ ọ́, ó sì ti gbà. Ti Èkó, èmi ni yóò ṣètò rẹ̀: n ó wá ẹni tí yóò máa gbé ọ lọ sí Sùúrùlérè. Fi ìdáhùn tí o bá gbà ránṣẹ́ sí mi.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí yìnyín àti lórí ilẹ̀. Ọ̀nà yóò là fún ọ. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire.

Èmi ni,
Màmá rẹ ní Àjàó.