Iṣu tó gbọgbẹ́ kì í ṣe pàǹtí

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní Zongo ní Parakou, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan.

Ẹ ra 100 iṣu. Ẹ san 500 sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó yín jẹ́ 50.000 sẹ́fà. Bí 20 bá jẹrà, 80 ló kù. Kí owó yín tó lè pé, ẹ gbọ́dọ̀ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 625 sẹ́fà. Ẹ kò tíì jèrè. Ẹ kò sì tíì ka owó ọkọ̀.

Ta ló pàdánù? Ẹ̀yin tí ẹ tà á ni. Ẹni tó rà á náà pàdánù, nítorí iṣu wọ́n sí i. Àgbẹ̀ tó kọ ebè sì ti lo agbára rẹ̀ lásán.

Kí ló ń ba iṣu jẹ́?

Ibi tí àdá tàbí ọkọ́ bá ti ṣá iṣu ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Bí ẹ bá ju iṣu mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ á bó. Bí ẹ bá kó o jọ sínú oòrùn, ooru á mú un. Èyí tó bá jẹrà á kó bá àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ni ẹ lè ṣe?

1. Ẹ rọra wa iṣu. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má jù ú.

2. Ẹ ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní oko. Èyí tó dára ni kí ẹ kó sínú ọkọ̀. Èyí tó gbọgbẹ́ kò lè rin ọ̀nà jíjìn. Ẹ tètè jẹ ẹ́, tàbí kí ẹ fi ṣe èlùbọ́.

3. Ẹ kó iṣu sábẹ́ ibòji, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ yọ èyí tó ń jẹrà kúrò.

4. Ẹ lo fóònù kí ọkọ̀ tó gbéra. Láti Parakou dé Kutọnu ju 400 kìlómítà lọ. Ẹ pe àwọn oníbàárà yín, ó kéré tán ẹni méjì. Ẹ bi wọ́n pé: Èló ni ẹ ń rà á? Mélòó ni ẹ fẹ́? Ọjọ́ wo ni ẹ fẹ́ ẹ? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bí fóònù yín bá ní WhatsApp, ẹ ya àwòrán iṣu náà ránṣẹ́. Bí iṣu bá ti pọ̀ jù lọ́jà lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí tiyín dúró sábẹ́ ibòji ná.

Bí a ṣe ń ṣe èlùbọ́

Ẹ gé ibi ọgbẹ́ kúrò. Ẹ bó iṣu, kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Ẹ kó o sínú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kí omi náà má hó. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú omi yìí di ọjọ́ kejì. Ẹ sá a sórí ẹní tó mọ́, kì í ṣe sórí ilẹ̀ tàbí etí títì. Bí ó bá gbẹ dáadáa, á ṣẹ́ kà nígbà tí ẹ bá dá a. Ẹ kó o sínú àpò tó gbẹ.

Èèpo ńkọ́? Ẹ fún ewúrẹ́ jẹ. Ẹ kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ padà sí oko, kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhai, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọdún 1985. Níbẹ̀, ohun tí iṣẹ́ kan bá ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ mìíràn ń lò. Ìgbẹ́ ẹran ń fún wọn ní gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ìdin tí wọ́n ń sìn lórí pàǹtí ń di oúnjẹ ẹja.

Ẹ ṣọ́ra!

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a lè gbà là. Bí iṣu gbígbẹ, àgbàdo tàbí ẹ̀pà bá ti bu, ẹ dà á nù. Ó lè dun yín, ṣùgbọ́n májèlé lè wà nínú rẹ̀. Májèlé náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè kò lè pa á run. Ní ọdún 2004, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àgbàdo tó bu pa ènìyàn 125. Ẹ má fún ẹran jẹ, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára.

Ẹ má sì fi oògùn tí a ń fọ́n sí oko òwú pa kòkòrò inú èlùbọ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò òwú lè pa ọmọ yín.

Ìbéèrè

1. Nínú 100 iṣu yín, mélòó ló jẹrà ní ọdún tó kọjá? Ẹ ṣe ìṣirò owó rẹ̀.
2. Níbo ni wọ́n ti gbọgbẹ́: ní oko, nínú ọkọ̀, tàbí ní ọjà?
3. Ta ni ẹ máa pè kí ọkọ̀ yín tó tún gbéra?
4. Kí ni ẹ máa sọ fún ẹni tó fẹ́ lọ iṣu gbígbẹ tó ti bu?