Ìtọ́jú Bàrà Olómi Tí A Ti Gé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí á fi òwe yìí wo bàrà olómi, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní wọtamẹ́lọ̀n. Bí a bá gé e sínú fíríìjì, kò pẹ́ tí yóò fi rọ̀, tí omi rẹ̀ yóò sì ro sí ìsàlẹ̀ abọ́. Kí ni ó ń fà á?

Inú bàrà dà bí afárá oyin. Ihò tíntìntín tí omi kún inú wọn ni. Ohun kan bí àtè, tí a ń pè ní pẹ́kítììnì, ni ó so ògiri wọn pọ̀. Ihò tí ọ̀bẹ bá kàn yóò ya, omi yóò dà, àtè náà yóò sì máa tú. Òtútù kò lè wo ọgbẹ́ yìí sàn. Ó kàn ń dá ìbàjẹ́ dúró díẹ̀ ni.

Èkíní, ẹ fọ èèpo rẹ̀ kí ẹ tó gé e, nítorí ọ̀bẹ a máa gbé kòkòrò àìfojúrí láti ara èèpo wọ inú. Bàrà kò sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí kíkan rẹ̀ ń dí kòkòrò lọ́wọ́.

Èkejì, ẹ lo ọ̀bẹ tí ó mú. Èyí tí kò mú yóò tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ má sì gé e wẹ́wẹ́ jù.

Ẹ̀kẹta, ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ó má ṣe ju wákàtí 2 lọ níta. Ẹ má gbé e sí fírísà. Yìnyín yóò ya àwọn ihò náà.

Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn a máa rì í bọ omi tí wọ́n po kalisíọ́ọ̀mù kiloráìdì mọ́, kí àtè náà lè le sí i. Bí ó bá pọ̀ jù, bàrà yóò korò.

Ṣùgbọ́n kí bàrà le kò ní kí ó má ní kòkòrò nínú. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ohun tí ó dára jù fún ẹni tí kò ní fíríìjì, pàápàá àwọn tí ń tà á fún wa nínú oòrùn, ni kí wọ́n fi odindi bàrà sí ibòji, kí wọ́n máa gé e bí oníbàárà bá ṣe ń dé. Bàrà tí ọ̀bẹ kò tíì kàn kò tíì ní ọgbẹ́.