Ẹgbẹ́ Ọmọ, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ẹ̀rọ Alágbèéká: Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Olùkọ́



Ẹ̀kọ́ tí a óò gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ọdún 13 sí 19 bá ń gbé. Bí a bá yà sí Yábàá, bí a bá dé Sùúrùlérè, bí a bá sì lọ sí Múṣín, ẹ̀sùn kan náà ni a óò gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: pé àwọn ọmọ ìwòyí kò gbọ́ràn mọ́, pé ẹ̀rọ alágbèéká ti gba ọkàn wọn, pé ohun tí wọ́n bá rí lórí rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, òun ni wọ́n ń sọ, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣe ìwà hù. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wo àrùn sàn kò gbọdọ̀ ṣàì mọ orísun rẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wádìí ọ̀ràn yìí, kí a mọ ipa tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kó nínú rẹ̀, ipa tí ẹ̀rọ ń kó, àti ipa tí àwa àgbà fúnra wa ń kó.

Ìkíní: Ohun tí ọmọ ń wá

Nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, ojú bàbá àti ìyá rẹ̀ ni ó ń wò. Bí inú wọn bá dùn sí i, ó tó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wọ ọdún 13 tàbí 14, ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Kì í ṣe pé ó kórìíra òbí rẹ̀. Bí ènìyàn ti ń dàgbà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n fi ní ẹgbẹ́ àti àáró, tí àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń jùmọ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n níbi tí ojú àgbà tó wọn.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ dé, òun ni ó gba ipò yìí. Ní ọdún 1859, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọmọ 6 péré. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní Bàríga lónìí. Ní ọdún 1932, ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jùmọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀ ní Yábàá. Lónìí, àwọn ọmọ tí ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ jáde ní òwúrọ̀ láti Ìdí-Orò títí dé Ojúẹlẹ́gba kò ṣeé kà. Láàrin wákàtí tí wọ́n ń lò pọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń kọ́ ohun tí olùkọ́ kò kọ sí ara pátákó: ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ẹni tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà, bàtà tí ó lòde, àti ọ̀rọ̀ tí ẹnu ọmọ tí ó lajú ń sọ.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà àtijọ́, agogo ìparí a máa lù. Ọmọ a padà sílé, ẹ̀gàn àti ẹ̀rín ẹgbẹ́ a sì dúró sí ẹnu ọ̀nà de ọjọ́ kejì. Nínú ilé Múṣín tí yàrá kọjú sí yàrá, ojú ìyá, ojú alájọgbélé àti ojú bàbá onílé ni yóò wà lára rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó.

Ìkejì: Bí ilé-ẹ̀kọ́ àti ayélujára ti jẹ́ ìbátan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ orí ayélujára jẹ́ àjèjì ohun tí ó wá gbógun ti ilé-ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó bí i. Ní oṣù kejì ọdún 2004, Mark Zuckerberg àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, dá Facebook sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rí ojú àti ìròyìn ara wọn. Láti ara ìwé àwòrán tí a máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 2005 wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún 2006, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọdún 13. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ó hu ìyẹ́, tí ó sì fò wọ inú ilé.

Nǹkan méjì ni ó wá fi kún ohun tí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni iye. Ní ìgbà kan, ọmọ a kàn máa rò lọ́kàn pé ẹgbẹ́ òun fẹ́ràn òun. Ní ọdún 2009, Facebook gbé àmì kékeré kan jáde tí ẹni tí nǹkan bá wù yóò fi ọwọ́ tẹ̀, àwọn ìkànnì yòókù náà sì ní irú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ìfẹ́ ẹgbẹ́ bí ẹni ń ka owó, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin tí ó fi àwòrán rẹ̀ síta ní alẹ́, tí ẹni 7 péré fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 200, yóò gbé iye náà lọ sí kíláàsì ní òwúrọ̀ bí ẹni gbé ẹrù.

Ohun kejì ni àìlópin. Herbert Macaulay, ọmọ Àlùfáà Macaulay tí a dárúkọ lókè, ni ó wà nídìí sinimá àkọ́kọ́ tí a fi han àwọn ará Èkó ní Glover Hall ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Nígbà tí àwòrán tán, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ní ojú-ewé ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, Aza Raskin, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ronú kan ojú-ewé tí kì í lópin: bí a ti ń fà á ni òmíràn ń yọ. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé ó dun òun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní agogo ìparí nìyí.

Ìkẹta: Ohun tí ó ń ṣe sí ìwà ọmọ

Ẹ wo àpẹẹrẹ ọdún 2019. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn olórin tí a ń pè ní Naira Marley sọ ara wọn ní Marlian, ọ̀kan nínú àmì wọn sì ni pé wọn kì í de bẹ́líìtì. Orí ẹ̀rọ ni ọmọ ti kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n láàrin ẹgbẹ́ ni ó ti di dandan, nítorí ẹni tí ó bá de bẹ́líìtì láàrin àwọn tí kò dè é ni yóò dà bí ará oko. Ẹ kíyèsí i: ẹ̀rọ ni ó mú irúgbìn wá, ilé-ẹ̀kọ́ ni ilẹ̀ tí ó ti hù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé “School na scam”, èyíinì ni pé jìbìtì ni ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ rí ẹni tí kò kàwé tí ó ń fi ọkọ̀ olówó ńlá yangàn. Kò rí orísun owó náà, kò sì rí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà kan náà tí EFCC ti kó lọ sí àtìmọ́lé. Bí gbogbo kíláàsì bá ti ń sọ ọ́, ọmọ tí ó fẹ́ kàwé pàápàá yóò máa fi ìwé rẹ̀ pamọ́ bí ẹni jalè.

Àwọn tí ó ni ìkànnì wọ̀nyí kò ṣàìmọ̀. Ní ọdún 2021, Frances Haugen, tí ó ti bá Facebook ṣiṣẹ́, mú ìwé inú ilé-iṣẹ́ náà jáde. Nínú rẹ̀ ni a ti rí i pé, nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ara wọn kò tẹ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀, Instagram mú ọ̀ràn náà burú sí i fún ẹni 1 nínú 3. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń lò ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́ lórí ìkànnì wọ̀nyí fi ìlọ́po méjì wà nínú ewu ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ọkàn. Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí ìpalára náà ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ọmọ ń sùn níwájú rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kò nílò ẹ̀rí mìíràn pé oorun òru kò tó o.

A kò gbọdọ̀ sọ pé ibi nìkan ni ó wà nínú ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, orí ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà tí Zuckerberg wá sí Yábàá, ní Co-Creation Hub tí ó wà ní òpópónà Herbert Macaulay, àwọn ọmọ tí ń fi àkókò ìsinmi kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wà lára àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ń wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere ni ẹgbẹ́ wọn ń yìn, àgbà sì wà láàrin wọn.

Ìkẹrin: Ọ̀ràn ọdún 2022, àti ìpín tiwa nínú rẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, fídíò ìṣekúṣe kan tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó wà nínú rẹ̀ tàn ká gbogbo ilẹ̀ yìí. Ìrìnàjò eré ìdárayá ni wọ́n bá lọ sí Dubai nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ìjọba Èkó ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń pariwo pé àwọn ọmọ ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó tan fídíò náà ká? Àwọn ọmọ nìkan kọ́. Àwọn àgbà fi ránṣẹ́ sí àgbà, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kẹ́dùn, wọ́n sì tún ń fi ránṣẹ́. Nígbà náà ni ìjọba rán ará ìlú létí pé ẹni tí ó bá ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nípa ọmọdé, tí ó fi í ránṣẹ́, tàbí tí ó kàn tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ó ń wá. Ìtìjú tí ìbá mọ láàrin ìdílé díẹ̀ ni a gbé kọ́ ọrùn ọmọdé níwájú ayé. Bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe lórí ẹ̀rọ, tí ó sì rí i pé àwọn àgbà ni ó kọ́kọ́ fi í ṣe ìran wò, ọ̀dọ̀ ta ni yóò sá sí?

Ìkarùn-ún: Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Kí òbí sọ fún ọmọ ṣáájú ọjọ́ ewu pé: “Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè àwòrán ara rẹ, tàbí tí ó fi èyí tí o ti fún un halẹ̀ mọ́ ọ, ọ̀dọ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ wá; n kò ní nà ọ́.” Kí ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ọmọdé kò lè mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ tí ń bẹ̀rù ẹgba ni ọrọ̀ ẹni tí ń halẹ̀.

2. Kí ọmọ mọ̀ pé àlejò ni ẹni tí a kò tíì rí lójúkojú, bí ó ti wù kí a ti bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ tó. Ní oṣù keje ọdún 2012, àwọn ọkùnrin tí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọbìnrin kan bá pàdé lórí Facebook tàn án wá sí Festac, wọ́n sì pa á. Ó ti dàgbà ju ọmọ girama lọ. Ẹ̀tàn kò wo ọjọ́ orí.

3. Kí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, ti bàbá àti ti ìyá pẹ̀lú, sùn sí yàrá àlejò ní òru. Òfin tí àgbà kò pa mọ́, ọmọ kò ní pa á mọ́.

4. Kí àwọn olùkọ́ fi ọ̀nà ọlá sílẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́: ẹgbẹ́ àríyànjiyàn, eré ìdárayá, ẹgbẹ́ akọrin, iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí a yìn ní kíláàsì kò ní fi ebi ìyìn wá ojú àlejò kiri. Bí a bá sì ń fi ọmọ kan ṣe ẹlẹ́yà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti kíláàsì, kí olùkọ́ kà á sí ìwà tí a hù nínú ọgbà.

5. Kí àgbà tí fídíò ìtìjú ọmọdé bá dé ọwọ́ rẹ̀ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kí ó fi tó àwọn aláṣẹ létí, kí ó sì pa ẹnu mọ́.

Ní Australia, òfin tí ó dí àwọn ọmọ tí kò tó ọdún 16 lọ́nà láti ní orúkọ lórí ìkànnì wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2025. Kò yẹ kí a dúró de irú òfin bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣe èyí tí ó wà ní ipá wa. Gbígba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ nìkan kò tó, nítorí yóò rí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò ní ìsinmi ọ̀sán. Ojú ni ọmọ ń wá. Bí ojú wa kò bá sí lára rẹ̀, yóò wá ojú mìíràn.

Ìbéèrè fún àwọn tí yóò jùmọ̀ ka ẹ̀kọ́ yìí

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ayé àtijọ́ àti ẹgbẹ́ orí ẹ̀rọ?
2. Nínú àṣà tí àwọn ọmọ wa ń dá, èwo ni ó ti orí ẹ̀rọ wá, èwo ni ó sì hù nínú ilé-ẹ̀kọ́?
3. Bí ọmọ rẹ bá kó sí ìtìjú lórí ayélujára lálẹ́ òní, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò kọ́kọ́ wá? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni yóò dá a dúró?